Àkùkọ Tó Ní Ìyẹ́ Pupa Lọ́rùn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Aláṣàyàn jẹ́, kó lọ bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ tí àfẹ́sọ́nà ọmọ wọn obìnrin kọ́kọ́ wá sílé. Ọmọkùnrin náà kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó jókòó, ó mu tíì, ó lọ. Ìyàwó ní, "Bàbá wọn, báwo lẹ ṣe rí i sí?" Ọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó ní, "Àyà rẹ̀ fẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń gbá ara wọn. N ò lè gbé e síwájú adájọ́." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọkọ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun dá àpárá.

Iṣẹ́ aago títúnṣe ló ń ṣe jẹun. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi jókòó lẹ́yìn tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù kóńkó kan, awò kan lójú ọ̀tún, ẹ̀mú tín-ín-rín lọ́wọ́, tó ń wá eruku nínú irin tí kò tó èékánná ọmọ tuntun. Ojú tó fi ń wo aago náà ló fi ń wo adìyẹ. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ilé adìyẹ mẹ́fà tó fi pákó àti wáyà kàn wà lẹ́sẹẹsẹ. Inú wọn mọ́ ju yàrá ẹlòmíràn lọ. Ìran adìyẹ dúdú kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń sìn níbẹ̀, kò sin òmíràn mọ́ ọn.

Ìran àtijọ́ ni. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ ní ìwé òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ kan tó sọ bí ìran kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ rí, ojú ewé kan sì ni ti adìyẹ dúdú yìí nínú rẹ̀. Ogbe orí àkùkọ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kó ní ṣónṣó márùn-ún, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Etí gbọ́dọ̀ funfun. Ìyẹ́ gbọ́dọ̀ dúdú láti orí dé ìdí, kó máa dán bí ẹ̀yìn yímíyímí nínú oòrùn. Bí ìyẹ́ pupa kan péré bá wà lára rẹ̀, adájọ́ á ní kí wọ́n gbé e kúrò lórí tábìlì. Aláṣàyàn mọ ojú ewé yẹn sórí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀.

Kí bàbá wọn tó kú, ó pín adìyẹ náà sí méjì, ó fún un ní ìdajì, ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ìdajì. Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n yìí, òdìkejì ìlú ló ń gbé. Bàbá ní, "Kì í ṣe nítorí ìjà ni mo ṣe pín in. Mo pín in kó má bàa tán lọ́jọ́ kan ni. Ẹ máa fún ara yín ní àkùkọ láti ìgbà dé ìgbà, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sójú kan."

Àwọn méjèèjì gbà, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn ò papọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń tọ́jú adìyẹ tó bá ń yé dáadáa, tó ń sàba, tí òtútù kì í mú. Kò ka ogbe sí nǹkan kan. Á ní, "Bí ọmọ bá délẹ̀ tó ké, tó gba ọmú mu, kí ni mo fẹ́ fi gígùn imú rẹ̀ ṣe?" Àbúrò ní tiẹ̀, tí àwọn ọmọ adìyẹ rẹ̀ bá ti pé oṣù mẹ́rin, á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì lẹ́yìn ilé ní àárọ̀, á máa gbé wọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Á ka ṣónṣó ogbe. Á na apá kọ̀ọ̀kan bí ẹni ṣí ìwé. Á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ẹ̀yìn wọn láti wo àwọ̀ ìhùùhù tó wà lábẹ́ ìyẹ́. Nínú ọgọ́ta, márùn-ún péré ló máa ń yàn. Inú àgò alápatà tó ń ta adìyẹ nínú ọjà àárín ìlú ni àwọn tó kù ń lọ.

Nígbà mìíràn ìyàwó rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á ní, "Bàbá wọn, èyí tó ń yé ẹyin jù lẹ fẹ́ gbé lọ yẹn o."

"Ogbe rẹ̀ ti wó sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ṣé ogbe ló ń yé ẹyin ni?"

Ife ẹ̀yẹ mọ́kànlá ló wà lórí pẹpẹ ní pálọ̀, wọ́n sì ń dán. Èsì rẹ̀ nìyẹn.

Ọdún kẹtàdínlógún lẹ́yìn ikú bàbá wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan lọ́wọ́. Ó ṣí i, àkùkọ ọ̀dọ́ kan sì bọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà. Ó ga, ojú rẹ̀ tàn bí iná, ó gbọn ara rẹ̀, ó kọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo adìyẹ tó wà nínú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì gbórí sókè. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ pupa mẹ́rin tàbí márùn-ún wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Abo adìyẹ kan tí kì í ṣe tiwa ló bí i fún ọ̀kan nínú àwọn àkùkọ mi, mo sì dìídì ṣe é ni. Ọdún mélòó la ti ń fi àkùkọ wa fún ara wa? Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ti dà. Fi eléyìí sáàárín àwọn abo rẹ fún ọdún kan péré."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣónṣó mẹ́fà ló wà lórí ogbe rẹ̀."

"Mo kà á. Mo lè kà dé mẹ́fà." Ó sún mọ́ ọn. "Wò ó, àbúrò mi. Ìyẹ́ pupa, o lè fi ọdún mẹ́ta ṣà á kúrò. Àìlera ni èèyàn kì í rí ṣà kúrò tó bá ti wọlé. Ọwọ́ mi ti gba ọmọ tó pọ̀, mo mọ ohun tí mò ń sọ."

Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò fẹ́ kó bínú. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Màá lò ó." Inú obìnrin náà dùn débi pé ó gbàgbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó tún padà wá mú un.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ìtàn mìíràn là bá máa sọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ làwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ wá wo ọgbà rẹ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ro bí ojú wọn ṣe máa rí tí wọ́n bá rí ìyẹ́ pupa láàárín adìyẹ Aláṣàyàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé àkùkọ náà pọ̀ mọ́ márùn-ún mìíràn tí kò yege, ó kó wọn lọ bá alápatà. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá, wọ́n wò, wọ́n mi orí, wọ́n ní irú rẹ̀ ò sí.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Àkùkọ wa ńkọ́?"

Irọ́ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó ronú sí i. "Há, ẹ̀gbọ́n mi, àìsàn ló mú un. Ọjọ́ méjì péré, ó kú."

Obìnrin náà ní, "Ó mà ṣe o," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Kò pè mọ́ láti ọjọ́ náà. Òun náà ò pè é. Ó ní ikú àkùkọ ló ń dun ẹ̀gbọ́n òun, inú rẹ̀ á rọ̀ tó bá yá. Oṣù di ọdún. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ní ọdún kẹta, ó rí àkùkọ tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wá. Ṣónṣó márùn-ún tó dúró bí ìka ọwọ́, etí funfun, kò sí ìyẹ́ kan tó ṣìnà. Adájọ́ fún un ní máàkì mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń dájọ́, òun ò tíì rí irú rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò Aláṣàyàn àti àkùkọ náà. Nínú fọ́tò yẹn, bí ọmọdé ló ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fi àkùkọ náà sáàárín àwọn abo tó dára jù lọ. Kò sí èyí tó sàba nínú wọn, wọ́n ti gbàgbé bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń sàba ló fi pa àwọn ẹyin náà. Ní ọjọ́ keje, ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi iná tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹyin wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó rí iṣan pupa tó tàn ká bí okùn aláǹtakùn. Ẹyin àkọ́kọ́ mọ́ gaara. Èkejì mọ́ gaara. Nínú ogójì, mẹ́fà péré ló lọ́mọ nínú. Mẹ́rin kú sínú èèpo. Méjì tó jáde, ẹnu ọ̀kan wọ́, èkejì ò lè dìde dúró. Nígbà tó jáde, ìyàwó rẹ̀ rí ojú rẹ̀, kò bi í léèrè nǹkan kan. Ó kàn ní, "Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín."

Ó lọ. Ó di àpò oúnjẹ adìyẹ kan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó gùn ún kọjá afárá dé igun òpópónà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ àkùkọ kan tó kọ láti ẹ̀yìn ilé náà, ohùn rẹ̀ nípọn, ó gùn, ó rí bí ohùn àwọn àkùkọ bàbá wọn nígbà tí wọ́n wà léwe. Ó dúró. Kí ló fẹ́ wí? Pé kí wọ́n fún òun lómìíràn lẹ́yìn èyí tí òun fi ọwọ́ ara òun kó fún alápatà? Ó yí kẹ̀kẹ́ padà. Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò bá ẹ̀gbọ́n nílé.

Ọdún kan gbáko ló tún kọjá kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pè é. Ó ní ìyá òun ṣubú nílé ìwẹ̀, eegun ìbàdí rẹ̀ kán, wọ́n ti kó o lọ sí ilé tí kò ní àtẹ̀gùn. Aláṣàyàn sáré lọ. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun tán. Ọgbà oníṣìmẹ́ǹtì ni fèrèsé náà kọjú sí, kò sí ìyẹ́ kan níbẹ̀.

"Adìyẹ yín dà, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo fún àwọn ará òpópónà. Ta ni ìbá máa fún wọn lómi?"

Aláṣàyàn jókòó. Ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan, nípa àkùkọ yẹn, pé kì í ṣe àìsàn ló pa á.

Obìnrin náà ní, "Mo mọ̀. Èmi ni mo rà á."

Kò yé e.

"Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo lọ ra ẹran fún ọjọ́ Àìkú. Mo bá a nínú àgò alápatà. Ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n ni? Ọwọ́ mi ni mo fi bá a ya èèpo ẹyin rẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ jáde. Nígbà tí mo pè ọ́, abẹ́ fèrèsé mi ló wà, tó ń kọ. Ẹ̀rù tiẹ̀ ń bà mí pé wàá gbọ́ ọ nínú fóònù. Mo kàn fẹ́ kí o sọ òótọ́ fún mi ni."

Aláṣàyàn ò lè gbójú sókè.

"Ó lo ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ mi kó tó kú. Nígbà tí mo ṣa àwọn ọmọ rẹ̀ dé ọdún kẹta, ìyẹ́ pupa ti tán lára wọn. Ogbe wọn di márùn-ún. Mo ya mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ọ, àkùkọ kan, abo méjì. Mo ní o ń bọ̀."

Aláṣàyàn ní, "Mo wá. Ní èṣí. Mo dé igun, mo padà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i. "O dé igun?"

"Mo dé igun."

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Obìnrin náà ní, "Èmi náà ìbá ti pè ọ́. Agídí ni. Ọmọ bàbá kan náà ni wá."

Lọ́jọ́ kejì Aláṣàyàn lọ sí òpópónà àtijọ́ náà, ó ń kan ilẹ̀kùn kiri. Ẹnì kan ti pa tiẹ̀ jẹ. Ẹnì kan ní ajá ló gbé tòun. Àwọn tó kù ti dà wọ́n pọ̀ mọ́ onírúurú adìyẹ, wọ́n ti di alábùlà, aláwọ̀ eérú, a-rí-bákan. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti rí ọ̀kan, abo adìyẹ dúdú kan, etí funfun, tó ń tú ilẹ̀ wò láàárín irun tí wọ́n gbá síta. Onígbàjámọ̀ ní, "Bàbá, ẹ máa mú un lọ. Ó ti dàgbà, kò yé mọ́." Ó gbé e. Lóòótọ́, ó ti dàgbà. Ó fún un lóúnjẹ tó dára, ó fi í sínú oòrùn, ó fi oṣù mẹ́jọ yẹ ìtẹ́ rẹ̀ wò ní àràárọ̀. Kò yé ẹyin kan, ẹyin àwọn adìyẹ tirẹ̀ tó kù nílé náà ò sì lọ́mọ nínú mọ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà pé àwọn fẹ́ tún ìwé òṣùwọ̀n tẹ̀, kí wọ́n fi ojú ewé adìyẹ dúdú sílẹ̀ ni tàbí kí wọ́n yọ ọ́, Aláṣàyàn fúnra rẹ̀ ló fèsì pé kí wọ́n yọ ọ́. Ìlà méjì ni èsì náà. Odidi àárọ̀ kan ló fi kọ ọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń gbé abo adìyẹ náà sínú apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹyẹ náà á sì jókòó lórí itan obìnrin náà títí á fi sùn lọ. Lọ́jọ́ kan ó fi ìgboyà béèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ bínú sí mi?"

"Mo bínú. Mo ṣì ń bínú díẹ̀." Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Gbé e wá. Apẹ̀rẹ̀ yẹn há mọ́ ọn."