Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Gun Òkè Ẹ̀fọ̀n

Pístìnì kan tó ti jóná wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Morónkẹ́, lójú ọ̀nà Erio. Wáyà ló fi so ó kọ́. Orí rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Mo mọ bó ṣe jóná, torí mo wà níbẹ̀, n kò sì la ẹnu mi.

Ọmọ awakọ̀ tó ti Ìrágbìjí wá tẹ̀dó sí Àràmọ̀kọ ni Morónkẹ́. Ọgbà mẹkáníìkì kan náà la jọ wà, èmi ń lẹ táyà, òun ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Mọ́tò eré ìje ló gba ọkàn rẹ̀: mọ́tò méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn á sá irinwó mítà, ó parí. Ó tú tọ́bò lára ọkọ̀ akẹ́rù, ó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò kékeré kan, kí èéfín máa yí i, kí ó máa fi tipátipá ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì. Ọdún méjì ló fi ṣe é.

Àṣà ọgbà wa ni pé ẹ́ńjìnnì tuntun gbọ́dọ̀ ru iṣu gun òkè Ẹ̀fọ̀n kí á tó gbà pé ó dára. Alága wa, Bàbá Bọ́láwálé, ní kí Morónkẹ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Morónkẹ́ ṣàlàyé títí pé eré kúkúrú ni òun ṣe é fún, pé bó bá pẹ́ lábẹ́ ẹrù, ooru á pa á. Àwọn àgbà ọgbà ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Wọ́n jókòó lóòótọ́, wọn ò rí nǹkan kan. Ojú tì í, ó gbà. Kò tíì gun òkè dé ìdajì tí pístìnì fi yọ́. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Ojo ni mí.

Morónkẹ́ tún ṣe ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdíje mọ́tò eré ìje wáyé lẹ́yìn odi ìlú Ìbàdàn ni alága tún kó iṣu dé.

"Ẹ́ńjìnnì tí kò bá ru uṣu gun òkè ò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà yìí. Bí o bá kọ̀, kó ẹrù rẹ."

Morónkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó dìde.

"Ọ̀kan ti jóná torí pé mo bọ̀wọ̀ fún yín, Bàbá. Èyí kò ní í gun òkè."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló kó jáde. Mo bá a gbé àpótí sípánà níṣojú gbogbo wọn. Ìyẹn nìkan ni mo lè fi yangàn.

Nínú ìdíje náà, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni mọ́tò rẹ̀ fi sá irinwó mítà. Ipò kejì ló gbà. Alága gbọ́, ó ní ìyẹn kì í ṣe òkè Ẹ̀fọ̀n.

Nígbà ọyẹ́, òun fúnra rẹ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù Morónkẹ́. Ó bi í pé kí ló ń fi nǹkan tó bàjẹ́ ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Morónkẹ́ kọ́kọ́ gbé àga fún un.

"Ọ̀wọ̀ tí mo jẹ yín nìyẹn, Bàbá. Mo ti san án. Ẹ má bèèrè òmíràn mọ́."