Ọlọ́runlékè àti Ẹ̀rọ Tó Ń Tún Ara Rẹ̀ Ṣe

Kò sí ẹni tó gé igi tó Ọlọ́runlékè ní gbogbo ọ̀nà Kabba sí Ògìdì, òun fúnra rẹ̀ ò sì ní jẹ́ ká gbàgbé. Èmi Isaiah ni mo ń tún ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kabba. Ọ̀rẹ́ mi ni, nítorí náà mo lè sọ ọ́ bó ṣe rí: olóríkunkun ni. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń lo ẹ̀rọ aláriwo yẹn láìfi nǹkan kan di etí. Ó ní agégi tó bá di etí ò ní gbọ́ igi.

Òótọ́ ló wà níbẹ̀, torí igi máa ń ké kó tó wó. Bí àwọn agégi tiwa bá gé e débi tó kù díẹ̀, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tẹ́tí sílẹ̀. Bó bá ti dún kẹ́ẹ́, kálukú á sá gba ẹ̀gbẹ́. Etí yìí kan náà la fi ń tún kabúrétọ̀ ṣe. Sukúrù kéékèèké wà lára rẹ̀ tó ń pín epo àti afẹ́fẹ́. Èèyàn á máa yí i díẹ̀díẹ̀, á máa gbọ́ ohùn ẹ̀rọ. Bí epo bá tó, ẹ̀rọ á kólòlò díẹ̀ kó tó wọ inú igi. Bí epo bá kéré jù, á máa han gooro, bó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ á jó.

Lọ́dún tó kọjá, Ọlọ́runlékè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó yí sukúrù, ẹ̀rọ ń han bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, òun sì ń mi orí sókè sódò. "Ó ti dáa," ló wí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kò pẹ́ tó fi jó ẹ̀rọ kan nínú méjì tó ní, ó kù ẹyọ kan. Mo lọ sọ fún Zipporah, ìyàwó rẹ̀, pé etí ọkọ rẹ̀ ti ń lọ.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀, Bùọ̀dá Isaiah. Ẹ jẹ́ kó jó èyí tó kù náà. Bí kò bá mọ ẹ̀rọ tún ṣe mọ́, á fi igbó sílẹ̀, á wá bá mi ṣoko kaṣú. Ọ̀rọ̀ Thomas ló ń kọ mí lóminú."

Thomas ni àbúrò Zipporah kan ṣoṣo. Òun ló ń bá Ọlọ́runlékè ṣiṣẹ́, tó ń pa igbó ìdí igi kí wọ́n tó gé e.

Ẹ̀rọ kejì jó lóòótọ́, àmọ́ Ọlọ́runlékè ò gba oko lọ. Lọ́kọ́ja ló lọ, ó sì mú mi dání. Oríṣi méjì ni oníṣọ́ọ̀bù gbé síwájú wa. Ọ̀kan ní sukúrù bí èyí tá a mọ̀. Èkejì ò ní nǹkan kan téèyàn ń yí. Ọpọlọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń wọn epo fúnra rẹ̀. Mo ní kó mú èyí tó ní sukúrù.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Nítorí ọ̀fun ẹ ni! Bí mo bá mú èkejì, kí lo fẹ́ jẹ?"

"Ọlọ́runlékè, èyí tí à ń yí á sọ fún ẹ lọ́jọ́ tí etí ẹ ò bá gbọ́ mọ́. Èkejì yẹn á kàn máa bo àṣírí ẹ ni, títí ọ̀ràn á fi dé."

Ojú rẹ̀ le. "Etí ta ni ò gbọ́?"

Ó mú èyí tó ní ọpọlọ.

Ó ní dandan ni kí n wá wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Igi apá ńlá kan ló fẹ́ gé lẹ́yìn Ògìdì. "Okun o, Bùọ̀dá," Thomas kí mi, ó gbé àdá léjìká. Ẹ̀rọ náà dára, mi ò ní purọ́. Kò han, kò kọṣẹ́, ó ń wọ inú igi wẹ́rẹ́. Ọlọ́runlékè ń yọjú wò mí, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi ò dùn rárá. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó ni àyà mi ń já tó.

Nígbà tó kù díẹ̀, ó pa ẹ̀rọ, ó tẹ́tí sílẹ̀. Igi ké. Èmi tí mo dúró lókèèrè gbọ́ ọ ketekete. Thomas náà gbọ́ ọ, ó ti sá gba ẹ̀gbẹ́. Ọlọ́runlékè mi orí bí ẹni pé kò tíì tó, ó sì fa okùn ẹ̀rọ kó tún tan án. Mo fi gbogbo ohùn mi kígbe. Thomas sáré padà, ó gba ẹ̀yìn fi ọwọ́ méjèèjì tì í dànù, igi sì wó lu Thomas fúnra rẹ̀.

Eruku bo gbogbo ibẹ̀. Ọlọ́runlékè dìde láàárín ewé, kò fara pa. Ó rò pé gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú. Ó wo igi tó wó, ó rẹ́rìn-ín.

"Thomas!" ló pè. "Thomas, wá wo nǹkan!"

Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, ó dúró. Ó tún pè é. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi.

"Isaiah, ṣé ó ti dáhùn? Mi ò gbọ́."