Wọ́n Gbé Gáùn Wá Fún Òkú Tí A Ti Sin

Dókítà Mùktárù Àyànníyì kú nílé rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí a ṣe ń sin Mùsùlùmí. Ọjọ́ Sátidé ni yunifásítì tó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láyé ológun tó dé. Wọ́n kó ẹgbẹ́ akọrin sínú bọ́ọ̀sì ńlá, wọ́n sì gbé gáùn ọ̀mọ̀wé pupa kan sórí tìmùtìmù bí ẹni gbé adé ọba. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Ẹ̀rín ń pa mí láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi tiẹ̀ ti ń fura sí mi.

"Níbo ni pósí wà?" ni olórí wọn bi Salimat, àkọ́bí olóògbé. "A fẹ́ tẹ́ gáùn yìí lé e lórí kí choir tó bẹ̀rẹ̀."

"Sà, a ti sin wọ́n láti Thursday. Mùsùlùmí ni wọ́n. A kì í lo pósí."

Ọkùnrin náà wo gáùn, ó wo àwọn akọrin. "Kò sẹ́ni tó inform wa," ló wí.

Ta ni kó sọ fún yín? Ẹni tó máa ń wà ní sàfú, ìlà iwájú, nínú mọ́ṣáláṣí ọgbà yín ní gbogbo Jímọ̀ nígbà tó ń kọ́ni lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ò mọ ẹ̀sìn rẹ̀? Ẹ mọ bí gáùn rẹ̀ ṣe gùn tó, ẹ ò mọ̀ pé ó ń kírun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé ọjọ́un kò lọ́jú pọ̀. Yunifásítì fẹ́ fi oyè ọ̀mọ̀wé dá ọ̀gá sójà tó ń ṣèjọba lọ́lá, wọ́n sì ní kí Àyànníyì, olùkọ́ ìtàn, kọ ọ̀rọ̀ ìyìn rẹ̀. Ó dìde nípàdé, ó ní òun ti ń wá ẹni tó máa jẹ́rìí sí iṣẹ́ rere ọkùnrin náà, àfi pé gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí ló wà lẹ́wọ̀n. Ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lé e dànù fún ohun tí wọ́n pè ní ìwà àìtọ́. Felix, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló kọ ọ̀rọ̀ ìyìn náà, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Èmi gan-an bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ ọ́, ká lè ráyè jẹun," Ìyá Salimat sọ fún mi. "Wọ́n ní, 'Ìsíátù, tí mo bá kọ irọ́ yìí, kí ni mo máa kọ́ àwọn ọmọ lọ́la?' Inú bí mi débi pé mi ò dáná."

Ọmọ Èjìgbò ló wá kọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó fi ṣe ilé lẹ́sìnnì. Èmi tí mò ń kọ èyí wà lára wọn. Tó bá ń sọ ìtàn ọba tí ìlú lé kúrò lórí oyè, á ta táwẹ́ẹ̀lì sí èjìká bí agbádá, á máa sá kiri, àwa náà á máa lé e. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gidi.

Nígbà tí ológun lọ, ó tọ gbogbo ọ̀gá àgbà tó jẹ ní yunifásítì náà lọ pé kí wọ́n ṣáà yọ "ìwà àìtọ́" kúrò lára orúkọ òun. Wọ́n á gbé tíì fún un, wọ́n á ní àwọn máa gbé e yẹ̀ wò. Bí a bá kú là ń dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ta ni wọ́n wá mú wá kí ó ka ọ̀rọ̀ ìdágbére? Ọ̀jọ̀gbọ́n Felix ni. Ó ti wọ awò ojú tán kí Ìyá Salimat tó dá a dúró.

"Bọ̀dá Felix, ẹ má kà á. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn."

"Ìyàwó wa, ẹ̀rù ló bà mí nígbà yẹn."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ba èmi náà. Ẹ sọ ọ́ báyìí."

Bàbá náà bọ́ awò ojú, ó fi sápò. Ni olórí wọn bá ní kí akọrin bẹ̀rẹ̀ orin. Ìyá Salimat ní kí wọ́n ká gáùn wọn, kí wọ́n máa lọ.

Ó yá, ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì, a ò bẹ̀ yín lórin. Ẹ dárúkọ ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n lé Mùktárù Àyànníyì. Ẹ dúró nínú gbọ̀ngàn tí ẹ ti dá sójà lọ́lá, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, kí ẹ sọ pé ọkùnrin náà kò hùwà àìtọ́ kankan. Ẹ gba oyè yẹn padà lọ́wọ́ sójà náà. Bí ẹ ò bá sì lè ṣe é, lẹ́yìn tí ológun ti padà sí bárékè láti ọjọ́ yìí, ẹ sọ ẹni tó ṣì ń dẹ́rù bà yín fún wa.