Ìyá Orúkọ Kú sí Ìsàlẹ̀ Ilé Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dá Sílẹ̀

Orí àtẹ̀gùn tó lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti bá a, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́, ohun tó wà nínú páálí tó ń gbé sì ti fọ́n ká sínú omi tó dúró sílẹ̀ yàrá náà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni.

Lọ́jọ́ kejì, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àṣà kéde pé ó "sùn nínú àlàáfíà lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́". Àìsàn wo? Ṣé àtẹ̀gùn tí kò ní irin ìdìmú ti wá di àìsàn ni? Ṣé omi ti di ibà? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ lẹ́tà sí wọn nípa àtẹ̀gùn yẹn, ẹ̀ẹ̀meje nípa omi. Mo ti fojú ara mi rí ẹ̀dà mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Wọ́n lu òǹtẹ̀ "A ti rí i gbà" sórí gbogbo wọn. Irọ́ kọ́, wọ́n rí i gbà. Gbígbà náà ni wọ́n mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, torí àwọn tí yóò máa ròyìn rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ kò mọ̀ ọ́n.

Iléèwé kan náà la ti jọ ṣe tíṣà. Èmi ń kọ́ wọn ní ìṣirò, kí n tó di oníròyìn, òun ń kọ́ wọn ní ìtàn. Lọ́jọ́ kan, ó ń ka ìwé fún kíláàsì rẹ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n kó gba etí omi yìí lọ sóko ẹrú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Mà, kí ni orúkọ wọn?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá àwa tíṣà wá, ó fìdí lé àga, ó ní, "Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yìí, mi ò sì mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo."

Mo ní, "Ta ló wá mọ̀ ọ́n?"

Ó wò mí bíi pé èmi gan-an ni mo tà wọ́n.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló fi ń lọ sí ilé ẹjọ́ àtijọ́, níbi tí wọ́n da àwọn ìwé ọkọ̀ ojú omi jọ sí fún eku. Àwọn akọ̀wé ibẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Orúkọ. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Ó gbà á bí ẹni gba oyè. Ó ń kọ àwọn èèyàn inú ìwé náà jáde: èèyàn kan, káàdì kan. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ kì í sábà kọ orúkọ. "Ọkùnrin, bí ẹni ogún ọdún, eyín iwájú kan ti yọ." "Obìnrin, ó lóyún." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kàn ń kọ ọ́, bí ẹni ń ka àpò. Tó bá kan irú àwọn yẹn, yóò kọ ọ́ sórí káàdì wọn pé: "A kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n."

Ọdún mọ́kàndínlógún ló gbà á. Nígbà tó fi máa parí, káàdì ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n wó ilé ẹjọ́ náà, wọ́n sì dáná sun ìwé inú rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló kù láyé.

Ó wá dojú kọ ilé. Ilé ìkẹ́rùsí kan wà létí omi, ibẹ̀ ni wọ́n ń há àwọn ẹrú mọ́ kí ọkọ̀ tó dé. Ó bẹ ìjọba títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ibẹ̀ di mùsíọ́ọ̀mù òwò ẹrú, kí ọmọ ẹni lè wọlé kó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Òun àti káfíńtà kan ni wọ́n jọ wọbẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pe bàbá náà, nítorí bó ṣe ń fá pákó. Bàbá gbé ọ̀dà wá, ó fẹ́ kun ògiri.

"Ẹ má fi ọ̀dà kàn án," ni Ìyá Orúkọ wí. "Ẹ wá wo ibí."

Ní ìwọ̀n ibi tí ẹ̀yìn ẹni tó jókòó sílẹ̀ máa ń kàn, òkúta ògiri náà dán bọ̀rọ́. Àwọn èèyàn ló fi ẹ̀yìn ara wọn fá a bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó jáde síta. 

Ìyá Orúkọ to gbogbo káàdì sínú yàrá kìíní. Nínú yàrá kejì, ó kọ orúkọ àwọn tó rà àti àwọn tó tà sára ògiri, àjèjì àti ọmọ onílé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé.

Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí oníṣòwò ńlá kan wọlé tọ̀ ọ́ wá, tòun ti àbúrò rẹ̀ méjì. Ó kí i dáadáa. Ó ní, "Mà, ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Ohun kékeré kan la bá wá. Orúkọ bàbá ńlá wa wà lára ògiri yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ ọ́."

"Àwọn ọ̀ọ́dúnrún tí wọ́n tà ńkọ́, sà? Ṣé kí n yọ tiwọn náà ni?"

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, mà. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀."

"Ẹ̀yin ti gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, sà, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó jáde. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù.

Kò pé oṣù mẹ́fà tí ìjọba fi rí i pé ilé náà ti ju agbára obìnrin kan lọ. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ta ni alága? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, ẹ ti rí ẹ̀rín rẹ̀. Wọ́n fi Ìyá Orúkọ ṣe olùdámọ̀ràn, wọ́n sì gbé tábìlì rẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, kó lè máa ti ibẹ̀ dámọ̀ràn fún omi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló dúró sí. Ọmọbìnrin tó ń júwe àga fún àlejò bi í pé, "Mà, ẹ ní ìwé ìpè lọ́wọ́?"

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n ti yàrá kejì pa. "Àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́." Ó di ọdún kẹrin báyìí. Àtúnṣe kí ni? Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní òun ò gbúròó òòlù níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yàrá kìíní wá di ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlejò àwọn ọlọ́lá, torí wọ́n ní àwọn káàdì yẹn ń ba èèyàn nínú jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn sínú páálí, wọ́n kó wọn lọ sísàlẹ̀, níbi tí omi ti ń wọlé ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀.

Mi ò ní yọ ara mi sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta kó tó kú, ó pè mí lórí fóònù. "Ọ̀rẹ́ mi, omi ti dé kókósẹ̀ o. Bá mi gbé e sínú ìwé ìròyìn yín."

Mo ní, "Jẹ́ kí ìbò yìí kọjá ná. Kò sẹ́ni tó máa kà á nísìnyí."

Ó ní, "Ó dáa. Mà á máa kó wọn gòkè díẹ̀díẹ̀."

Ìbò kọjá. Òun náà kọjá.

A kú là ń dère, èèyàn kì í sunwọ̀n láàyè. Níbi ìsìnkú, alága ló sọ̀rọ̀ jù. Ó pè é ní ìyá rere, ó pè é ní akíkanjú, ó fi aṣọ nu ojú. Ó ní ìgbìmọ̀ ti pinnu láti fi orúkọ rẹ̀ sọ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àbúrò olóògbé obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi orúkọ òun sọ nǹkan kan. Ilẹ̀kùn ló ní kẹ́ ẹ ṣí." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, irú àtẹ́wọ́ tí wọ́n fi ń ní kéèyàn jókòó. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì pa ẹ̀rọ náà.

Lánàá, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ti sá àwọn káàdì tó ṣà jáde nínú omi yàrá abẹ́ ilẹ̀ sórí pákó, sórí àga, sórí fèrèsé. Bàbá ò mọ̀wé. Ó mú ọ̀kan, ó nà án sí mi. "Ẹ bá mi wò ó, kí ló wí?"

Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún. Tàdáwà ti ṣàn lọ. "Kò wí nǹkan kan mọ́, bàbá."

Kò jù ú nù. Ó rọra dá a padà sáàárín àwọn yòókù, ó sì mú òmíràn.

A kà wọ́n di ìrọ̀lẹ́. Kò tó ẹgbẹ̀rún kan tó ṣì ṣeé kà. Àwọn yòókù, a ti sọ wọ́n nù lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kìíní, a lè na ìka sí ọkọ̀ àjèjì. Ọkọ̀ ta ló kó wọn lọ lọ́tẹ̀ yìí?

Mi ò ní ìrètí, n ò ní tan yín. Àwọn tó kú ò ní padà, tàdáwà ò sì ní padà sórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. A fẹ́ ìwádìí ní gbangba, kì í ṣe ti inú yàrá. Kí ọ̀gá iléeṣẹ́ àṣà wá sọ ẹni tó gba lẹ́tà mọ́kọ̀ọ̀kànlá àti ohun tó fi wọ́n ṣe. Kí alága kúrò lórí àga kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀, kó sì wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí yàrá kejì fi wà ní títì. Kí wọ́n ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì yẹn, lójúkojú, irú àìsàn tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní àwọn ò ní wá, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kọ̀, kí kálukú wọn fọwọ́ sí i, ní orúkọ rẹ̀ ní kíkún.