Oògùn Tí Pásítọ̀ Lò Tán

Ìyá Àdúrà là ń pè é ní yàrá àyẹ̀wò wa, kò sì bínú sí i rí. Kò ní gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni sábẹ́ maikirosikóòpù kó má kọ́kọ́ dijú gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Èmi tá a jọ ń lo tábìlì kan máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kòkòrò á ti sá lọ kó tó ṣe àmín. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọlọ́run ló dá kòkòrò, òun náà ló fún wa lójú tá a fi ń wá a. Kí ló fẹ́ máa jà níbẹ̀?"

Pásítọ̀ ìjọ rẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí débi pé ó ń fi í wàásù. Ó kúkú yẹ kó fẹ́ràn ẹ̀. Nígbà tí ikọ́ ife dá òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọlé sọ́dọ̀ wa, ó fi fìlà bojú. Ó lo oògùn oṣù mẹ́fà náà pé pérépéré, ara rẹ̀ sì le. Yàtọ̀ sí dókítà, àwa méjì nìkan la mọ̀, torí òfin iṣẹ́ wa ni pé ohun tá a bá rí lára aláìsàn ò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu wa.

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ yìí kan àbúrò Ìyá Àdúrà ọkùnrin, télọ̀ ni, àbígbẹ̀yìn ìyá wọn, tí Ìyá Àdúrà fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ti lo oògùn fún oṣù méjì, Ìyá Àdúrà yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, kò rí kòkòrò kankan. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Ó kìlọ̀ fún un pé àwọn kan ṣì lè sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó má fi oògùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúpẹ́ pé òun ò rí kòkòrò kankan mọ́.

Pásítọ̀ gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ fúnra yín! Maikirosikóòpù ò rí nǹkan kan! Ó ti tán! Ọmọkùnrin, lọ da oògùn yẹn nù."

Ìjọ hó yèè.

"Pásítọ̀, ó ṣì ku oṣù mẹ́rin..."

"Arábìnrin, ṣé ẹ gbàgbọ́ ni àbí ẹ ò gbàgbọ́?"

Ìyá Àdúrà jókòó. Ọjọ́ kejì ló sọ ọ́ fún mi. Èmi ò ní purọ́, mo ṣépè.

"Mo ń lò ó, ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò ń wí ní gbogbo ìgbà tó bá bi í. Irọ́ gbuu ni. Kò pẹ́ tó tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ń wú ẹ̀jẹ̀ jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Àdúrà gbójú kúrò lórí maikirosikóòpù, ó sún sẹ́yìn kí n wò ó. Àwọn kòkòrò náà pọ̀ lọ rẹrẹ. Síbẹ̀, àbúrò fàáké kọ́rí, kò ní padà sídìí oògùn. Pásítọ̀ ti sọ fún un pé ìdánwò ìgbàgbọ́ ni.

A jọ lọ bá Pásítọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ìyá Àdúrà kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin náà lo oògùn tiyín tán. Ọ̀rọ̀ yín nìkan ló máa gbọ́. Ọmọ yẹn á kú."

Pásítọ̀ ti ilẹ̀kùn ná. "Ikọ́ wo? Ẹ má gbàgbé o, òfin iṣẹ́ yín ò gbà yín láyè láti sọ ọ́."

Ẹ wo Pásítọ̀ yìí! Ó ti lo oògùn wa, ó ti lo ọpẹ́ obìnrin yìí, ó tún wá ń lo òfin wa! Ìyá Àdúrà dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀. "Èmi gbẹ́kẹ̀ lé yín o," ló sọ, ó jáde.

Ó lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò, mo tẹ̀ lé e, ó sì tú gbogbo àṣírí Pásítọ̀ fún un. Àbúrò dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Lọ́jọ́ tí Pásítọ̀ ní kí n da oògùn nù, ẹ ti mọ̀ pé òun lo tiẹ̀ tán?"

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ sì jókòó tì mí níbẹ̀?"

"Mo jókòó."

Ó ní òun á lo oògùn náà. Ṣùgbọ́n èmi ló kọjú sí, ó ní kó jẹ́ èmi ni màá máa gbé e wá fún òun, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n òun.