Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Ò Fẹ́ Pè ní Ilé Ìjọ Bassila

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n ro tẹnu mi fún yín lónìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, torí inú ṣì ń bí mi.

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mo dàgbà sí, ní Manigri, ní ilẹ̀ Benin. Ọmọ Doguè ni wọ́n, ṣùgbọ́n ilé bàbá mi àgbà ni wọ́n ti lo gbogbo ayé wọn. Bàbá àgbà ti kú, bàbá mi náà ti kú. Ni àbúrò bàbá àgbà, Bàbá Súlè, bá dìde lọ́jọ́ kan, ó ní kí Ìyá àgbà kó ẹrù wọn padà sí Doguè. Ó ní kò sẹ́ni tó gbé wọn níyàwó, pé ńṣe ni wọ́n kàn wá bá ẹ̀gbọ́n òun gbé. (Ẹ má bá mi wí pé mo ń pe àgbàlagbà ní "ó". Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.)

Lẹ́yìn gbogbo iṣu tí wọ́n ti gún, gbogbo kajú tí wọ́n ti ṣà nínú oko yẹn? Èmi ò gbà.

Ìyá àgbà ní ilé ìjọ Kátólíìkì ní Bassila ni wọ́n ti so àwọn pọ̀. Ó dáa, ìwé á wà níbẹ̀ nìyẹn. A gun zémìjàn, ọ̀kadà tiwa níbí, ó di Bassila.

Akọ̀wé ìjọ ò tiẹ̀ ní ká jókòó. Ó ní ìwé àtijọ́ kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé ń wò, kí ọkùnrin kan nínú ẹbí wá buwọ́ lùwé ná. Ọkùnrin wo? Bàbá Súlè tó ń lé wa? Mo ní ẹni tó ni ìgbéyàwó ló dúró síwájú yín yìí, mi ò sì ní kúrò níbí. Mo fa àga, mo fi Ìyá àgbà jókòó, èmi náà jókòó tì wọ́n.

Nígbà tó rí i pé a ò lọ, ó bèèrè ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Ìyá àgbà ní ọdún tí iṣu ta gan-an ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ọdún tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òun. Kí wá ni orúkọ ọkọ?

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ìyá wa, wọn kì í pe orúkọ ọkọ. "Bàbá Àyìndé" ni Ìyá àgbà ń pe bàbá àgbà, torí Àyìndé ni bàbá mi. Èmi náà ò mọ orúkọ ìrìbọmi bàbá àgbà. Mo bẹ Ìyá àgbà kí wọ́n sọ ọ́ sí mi létí. Wọ́n mirí.

"Ẹnu tí mo fi bọ̀wọ̀ fún wọn láyé, n ò ní fi pe orúkọ wọn nígbà tí wọ́n ti lọ."

Akọ̀wé bá ní bóyá ìyá yìí ò tiẹ̀ mọ orúkọ náà ni, torí obìnrin tí wọ́n gbé níyàwó á mọ orúkọ ọkọ rẹ̀.

Mo ti ń dìde kí n fún un lésì, Ìyá àgbà fọwọ́ dá mi jókòó. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì níbẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá Àyìndé, ẹ má bínú sí mi." Wọ́n wá gbójú sókè wo akọ̀wé.

"Zózẹ́ẹ̀fù Ògúndélé."

Omi bọ́ lójú mi. Akọ̀wé lọ gbé ìwé. Ó pẹ́ kó tó rí i, ṣùgbọ́n ó rí i, orúkọ bàbá àgbà àti ti Ìyá àgbà lójú kan. Àlùfáà fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà kan fún wa.

Nílé, mo kà á sókè lójú gbogbo ẹbí. Bàbá Súlè ò wo ìwé rárá. Ó ní ta ló pe orúkọ ẹ̀gbọ́n òun fún wọn? Ìyá àgbà ní, "Èmi ni." Inú bí i, ó ní irú ìyàwó wo ló ń fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọkọ rẹ̀?

Ìyá àgbà yíjú sí àwọn àgbà ilé. "Ẹ ti gbọ́ o. Ó ní ìyàwó."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ Doguè mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ìwé tó wà nílé ìjọ, àwọn òbí wa ló wà nínú rẹ̀, tiwa ni. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ má lọ. Kí ẹ sì tètè bèèrè orúkọ lọ́wọ́ àwọn ìyá yín nílé, kí wọ́n má bàa kúnlẹ̀ níwájú àjèjì kí wọ́n tó pè é.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti lé kúrò nídìí ìwé ìdílé rẹ̀ rí, tó sì kọ̀ tí kò lọ? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí, kí Bàbá Súlè náà rí i kà. Mo mọ̀ pé ó ń yọjú síbí.