Bọ́tìnnì Méjìlá

Òórùn ṣọ́ọ̀kì àti òógùn ló máa ń pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì tí a ti ń gba lẹ́sìnnì lọ́sàn-án ní Festac, lọ́dún tí mo ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú nígbà náà, tíṣà wa sì máa ń gbé tirẹ̀ sórí tábìlì kí gbogbo wa lè rí i. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Táì tó ń so mọ́rùn nínú ooru yẹn, àti bó ṣe ń fi ìka méjì péré di ṣọ́ọ̀kì mú, máa ń rí mi lára. Mi ò tíì rí ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbéraga rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Màmá kan wà láàárín wa, aránṣọ láti Agboju, tó ti ń lọ sí ẹni àádọ́ta ọdún, tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí tí kò rí gbà nígbà èwe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tíṣà kọ 3(x + 4) sójú pátákó, ó ní kí a fi ẹẹ́ta sọ ohun tó wà nínú àkámọ́ di púpọ̀, ó sì kọ ìdáhùn: 3x + 4. Màmá nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹẹ́ta yẹn ò dé ọ̀dọ̀ ẹẹ́rin. Bí ẹ̀wù ọmọdé kan bá gba aṣọ yáàdì x àti bọ́tìnnì mẹ́rin, tí mo bá wá rán mẹ́ta, ṣé bọ́tìnnì mẹ́rin náà ni màá lò?"

"Ìwọ, jókòó," ni tíṣà wí. "Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kọ́ nìyí."

Ó pe ẹni tó tó bí i lọ́mọ ní ìwọ. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Màmá rọra kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó jáde, kò sì padà wá mọ́. Ìgbà tí mo délé ni mo tó ṣí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi, níbi tí wọ́n to ìdáhùn sí. 3x + 12 ló wà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, tíṣà tún nǹkan náà kọ́ wa bí ẹni pé bó ṣe kọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹẹ́ta gbọ́dọ̀ kan gbogbo ohun tó wà nínú àkámọ́. Kò tijú rárá. Ẹ̀wù mẹ́ta àti bọ́tìnnì méjìlá ló tilẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ, kò sì dárúkọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Mo wá màmá lọ sí Agboju. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo sì ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ṣé ó ti wá kọ́ yín bó ṣe tọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Fa àpótí yẹn, kó o jókòó. Mú ìwé rẹ wá, ká jọ ṣe èyí tó kù."

Ìdí ẹ̀rọ yẹn la ti jọ kàwé títí ìdánwò fi dé, àwa méjèèjì la sì yege.

Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ojú tí mo fi ń wo ọkùnrin yẹn kò tíì yí padà, mi ò sì fẹ́ kó yí padà. Gbogbo wa là ń ṣàṣìṣe; ẹ̀rín tèmi lọ́jọ́ yẹn kò sunwọ̀n, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Òun ò gbà títí a fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí olùkọ́ tó ń fi ìbéèrè ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti mọ̀ pé kò mọ ìdáhùn.